Ibi tí ìnira jíìpù ti ń wá, àti bí ẹ ṣe lè mú un rọ̀ fún ìrìn ojoojúmọ́

Ẹni tó ti fi ọdún pípẹ́ wa Corolla, tó wá rówó ra jíìpù gíga, ohun tó máa ń retí ni pé ìyà kòtò ti parí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: kòtò tó máa ń ha abẹ́ Corolla, jíìpù á gbà á kọjá láìfara kanlẹ̀. Àmọ́ kì í pẹ́ tí ohùn fi ń yí padà. Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé ọkọ̀ ń ju òun sókè níbi tí afárá ti pàdé títì, pé ariwo táyà kò jẹ́ kóun gbọ́ rédíò. Ó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn ní ṣọ́ọ̀kì ni. Fọkanáísà ní táyà ni. Ẹni tó ń ta páàtì ní kó ra sípíríǹgì tó le. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bí gbogbo jíìpù ṣe ń ṣe nìyẹn, kó máa fara dà á.

Gbogbo wọn ló lè jàre, gbogbo wọn ló sì lè jẹ̀bi. Ohun tó ń rú èèyàn lójú ni pé kí gbígbọ̀n kan tó ti ilẹ̀ dé ìdí yín lórí ìjókòó, ó ti gba ọwọ́ nǹkan bíi márùn-ún kọjá: afẹ́fẹ́ inú táyà, táyà fúnra rẹ̀, sípíríǹgì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, àwọn rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin, àti fóòmù ìjókòó. Èyí tó wù kó bàjẹ́ nínú wọn, ẹ̀yìn kan náà ló máa dùn yín. Èrò tèmi ni pé ibi tó kan ilẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kó wá máa gòkè bọ̀. Òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bẹ̀rẹ̀. A á ra tìmùtìmù, a á ra ṣọ́ọ̀kì olówó gọbọi, a ò sì ní bi fọkanáísà pé afẹ́fẹ́ mélòó ló rọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo irú ọkọ̀ tí ẹ ní, torí ibi tí ìrọ̀rùn rẹ̀ lè dé kò kọjá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Highlander, RAV4, CR-V, Lexus RX, àwọn wọ̀nyí kò ní ṣáásí tó dá dúró. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe Camry náà nìyẹn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dá kòtò tirẹ̀ jẹ. Prado, Land Cruiser, 4Runner àti Hilux yàtọ̀. Irin gígùn méjì ló wà nísàlẹ̀ wọn, àwọn irin ìdábùú so wọ́n pọ̀, a wá gbé ilé ọkọ̀ lé e lórí, a sì fi rọ́bà sáàárín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo tó lọ láti ọ̀tún dé òsì. Nítorí náà, bí táyà ọ̀tún bá kó sí kòtò, ti òsì náà á gbọ́ nípa ẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè gbẹ́rù, kó lè fa ọkọ̀ mìíràn, kó sì lè rìn lórí gbòǹgbò igi láìkán. Ẹni tó bá fẹ́ kí Hilux rìn bíi Camry, ọkọ̀ ló rà ṣì. Ẹni tó bá fẹ́ kí Hilux yé gbá òun nídìí láti Odògbolú dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ṣeé ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà ni sípíríǹgì àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ní. Bó bá wà níwọ̀n, táyà á tẹ̀ díẹ̀ lórí òkúta kí gbígbọ̀n náà tó lọ síbì kankan. Bó bá pọ̀ jù, táyà á le gbandi, kò ní tẹ̀, bí òkúta bá ṣe rí gan-an ló máa gbé e fún yín. Ìyẹn nìkan kọ́: àárín táyà nìkan ni yóò máa kan títì, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ, bíréèkì náà ò sì ní mú dáadáa lójú òjò.

Ìwọ̀n tó yẹ kò fara sin. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan síbẹ̀, wọ́n sì kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sí i. Lórí ọ̀pọ̀ jíìpù, iye tí ẹ máa rí níbẹ̀ wà láàárín PSI 29 sí 36 (PSI ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lè ní ìwọ̀n méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí kò sẹ́rù, èkejì fún ìgbà tí ẹ̀yìn bá kún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítòsí Lagos Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo dúró ti fọkanáísà kan tó ń rọ afẹ́fẹ́ sí Prado. Ó ti gééjì bọ ẹnu fáàfù, abẹ́rẹ́ náà lọ sí 48, ó sì fẹ́ yọ ọ́ kó lọ sórí ẹsẹ̀ kejì. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò pọ̀ jù báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, jíìpù mà ni. Bí mo bá fún un ní 32, ẹni tó ni ín á ní àbọ̀ afẹ́fẹ́ ni mo tà fóun." Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan. Oníbàárà ló máa ń fẹ́ kí táyà le kó tó gbà pé owó òun ò gbé.

Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ tún máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ óò rí ibi tí wọ́n kọ MAX sí, tí iye bíi 44 tàbí 51 tẹ̀ lé e, ó sì lè tó 80 lára táyà tí wọ́n ṣe fún ẹrù wíwúwo. Òpin ohun tí táyà lè gbà nìyẹn. Kò mọ irú ọkọ̀ tí ẹ máa gbé e sí, kò sì mọ bí ọkọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ìwé ara òpó ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wọn ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà tó ti sáré láti Ìpẹ́rù dé Ìjẹ̀bú-Òde ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì ti fi PSI mélòó kan lé sí i. Bí ẹ bá dín in kù lójú ẹsẹ̀, nígbà tó bá tutù tán á ti kéré jù. Gééjì kékeré tẹ́ ẹ lè fi sínú àpótí ọkọ̀ kò wọ́n, èyí tó sì jẹ́ tiyín sàn ju ti ẹ̀gbẹ́ títì tó ti já lulẹ̀ láìmọye ìgbà.

Níbí yìí ni mo ti fẹ́ kì yín nílọ̀. Ẹ má torí ìrọ̀rùn dín afẹ́fẹ́ kù ju ohun tí ìwé náà sọ, kẹ́ ẹ wá gbé e sáré lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń tẹ̀ jù, títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, gbígbóná yẹn ló sì ń bẹ́ ẹ lójú eré. Àwọn tó ń wọ oko lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń dín tiwọn kù sí nǹkan bí 20 nínú ẹrẹ̀, ìrìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń rìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọ́ padà kí wọ́n tó gun títì ọlọ́dà.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́, irú táyà. Lẹ́tà méjì wà lára ọ̀pọ̀ táyà jíìpù. H/T ni ti títì: ojú rẹ̀ wà pẹ́kípẹ́kí, kì í pariwo, ó sì rọ̀. M/T ni ti ẹrẹ̀: eyín rẹ̀ tóbi, ó jìnnà síra, eyín kọ̀ọ̀kan á máa gbá ọ̀dà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń hu nínú ọkọ̀ yín nìyẹn bí eré bá ti dé 80. A/T wà láàárín méjèèjì. Ẹ tún wò ó bóyá LT wà níwájú nọ́ńbà ìwọ̀n táyà náà. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, yóò sì le ju ìkejì rẹ̀ tí kò ní LT lọ. Èmi ò rí ohun tí ẹni tó ń ti Ìlíṣàn lọ sí Ṣágámù ń fi M/T ṣe, àfi tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí lójú ló ń wù ú. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè láàárín ọ̀sẹ̀, tó ń lọ sóko kòkó rẹ̀ ní Sátidé, A/T tó o. Àwọn tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó J4 nìkan ni mi ò lè bá jiyàn lórí M/T.

Gíga rọ́bà náà ṣe pàtàkì, ibí sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ mú táyà tí wọ́n kọ 265/65R17 sí lára. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 172. Ríìmù tó wọ̀ ọ́ jẹ́ íńṣì 17. Bí ẹ bá wá ní ríìmù 20 lẹ fẹ́, táyà tó máa bá a mu tí gíga àgbá ẹsẹ̀ kò fi ní yí padà ni 265/50R20, ẹ̀gbẹ́ ìyẹn ò sì ju mìlímítà 132 lọ. Ẹ ti fi owó yín gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kúrò nínú rọ́bà tó ń gba kòtò fún yín, irin lẹ sì fi dípò ẹ̀. Nígbà Iléyá, tí Òjúde Ọba bá ku ọ̀la, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú bá ń wọlé láti Èkó pẹ̀lú onírúurú jíìpù, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ náà: ríìmù ńlá tó ń dán yinrin, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dára lójú, mi ò sọ pé kò dára, ọjọ́ ẹ̀yẹ kúkú ni. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ máa fi í wọ Ìkẹ́nnẹ́ lójoojúmọ́, á dáa kó wá ríìmù tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ padà.

Ọjọ́ orí táyà ńkọ́? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà máa ń gan bó bá ti ń dàgbà, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí táyà tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní fi lè máa gbọ̀n yín ju táyà tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ká má tíì sọ ti ewu bíbẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará oko máa ń rò pé ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́. Bí wọ́n bá sáré dé nǹkan bí 90, sitiárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Mo wà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ṣe báláǹsì táyà nígbà tí bàbá kan gbé Hilux bẹ́ẹ̀ dé láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá náà ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, kò lọ. Ọmọkùnrin náà tú ẹsẹ̀ kan, ó dojú inú ríìmù bolẹ̀, ó sì fi ìdí sikurudíráfà gbá a. Amọ̀ pupa gbígbẹ tó tó ẹ̀kúnwọ́ méjì já bọ́, apá kan ṣoṣo ríìmù náà ló sì lẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ tó ń yí kíákíá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wúwo ju ìkejì lọ kò lè ṣe kó má gbọ̀n. Wọ́n fọ inú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ṣe báláǹsì, bàbá náà sì lọ. Lásìkò òjò, bí ẹ bá fọ ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n da omi sí inú ríìmù lọ́hùn-ún, kì í ṣe ojú rẹ̀ tó ń dán nìkan.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ló kàn, ìdàrúdàpọ̀ ibẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì kì í gbé nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí sípíríǹgì bá ti mì lẹ́ẹ̀kan, kó mú un dákẹ́. Òróró ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní àwọn ihò kéékèèké. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, òróró náà á máa fi tipátipá gba inú ihò wọ̀nyẹn, agbára mímì á sì di ooru. Nítorí náà, ẹ fetí sí irú ìyà tí ọkọ̀ fi ń jẹ yín. Bí ẹ bá kọjá lórí bọ́ǹpù tí ọkọ̀ sì ń lọ sókè sódò lẹ́yìn ìgbà náà, tó ń léfòó, tí imú rẹ̀ ń dorí kodò nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì ti kú nìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé gbígbá kan ṣoṣo lẹ máa ń gbọ́, tó mú, tó sì parí síbẹ̀, ẹ má tíì dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù, sípíríǹgì tó le jù, tàbí rọ́bà tó ti jẹ, ọ̀kan nínú wọn ni.

Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì náà pẹ̀lú. Bí òróró bá ti ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀, tí eruku sì ti lẹ̀ mọ́ òróró náà, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ti títẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá yóò fò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó dára fún ọkọ̀ kékeré. Jíìpù wúwo débi pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ títí kó má rí nǹkan kan. Méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn, iwájú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, torí bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń rin ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó ti hun bíi páànù, ẹ bèèrè irú èyí tí wọ́n rọ gáàsì sí. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, òróró rẹ̀ á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, òróró tó ti di ìfófòó kò sì lè di nǹkan kan mú. Gáàsì yẹn ló ń dín ìfófòó kù. Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀? Ẹlòmíràn ti lo agbára rẹ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní ti sípíríǹgì, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní èyí tó le ló dára. Èyí tó le, ẹrù ló wà fún. Bí kò bá sí ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ni yóò máa tà sókè. Àwọn tó ra Lexus GX 470 mọ ọ̀kan nínú ìdààmú yìí: báàgì afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò sípíríǹgì. Nígbà tó bá ń jò, mẹkáníìkì á yọ ọ́ kúrò, á gbé sípíríǹgì irin síbẹ̀. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, àfi bó bá jẹ́ èyí tó kọ́kọ́ rí lọ́jà ló rà, tí kò bèèrè irú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún.

Hilux ní tirẹ̀, àwọn abẹ irin gígùn tí wọ́n tò lé ara wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àpò kòkó kan lé ní 60 kílò. Ẹ gbé mẹ́wàá sẹ́yìn Hilux, ẹ óò rí i pé ó rọ̀ ju bó ṣe wà lófìfo lọ. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n yọ abẹ kan kúrò kó lè rọ̀. Ó máa ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára ẹrù rẹ̀ ti dín kù, ọjọ́ tí ẹ bá sì gbàgbé tẹ́ ẹ di ẹrù tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn á jókòó. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní gbẹ́rù mọ́ láéláé ló lè ṣe é, kó sì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fọ àárín àwọn abẹ náà. Ẹrẹ̀ àti ìpẹtà máa ń so wọ́n pọ̀ débi pé wọn ò ní lè yọ̀ lórí ara wọn mọ́, wọ́n á wá di irin kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n yẹ rọ́bà inú ojú ihò wọn méjèèjì wò pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí ni àwa awakọ̀ kì í fẹ́ gbọ́, torí kò ṣeé fi yangàn. Rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búṣìn wà níbi gbogbo tí irin ti pàdé irin lábẹ́ ọkọ̀. Bó bá jẹ, irin á máa gbá irin. Bí ẹ bá ń gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ wo àwọn búṣìn àti línkéèjì tó so ọ̀pá tó ń dá ọkọ̀ dúró nígbà tó bá ń yà. Bí ẹ bá gbọ́ gbù kan ṣoṣo nígbà tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, ẹ wo búṣìn apá ìsàlẹ̀, ìyẹn irin tó di ẹsẹ̀ mú mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Àwọn mìíràn tún wà láàárín ilé ọkọ̀ àti ṣáásí, àwọn tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Mẹkáníìkì kì í sábà dé ibẹ̀, torí wọn kì í kú lójijì. Lára Prado tàbí 4Runner tó ti lo ogún ọdún, wọ́n lè ti fún pọ̀ pátápátá, gbogbo ohun tí ṣáásí bá sì gbọ́ ni ilé ọkọ̀ á gbọ́. Pípààrọ̀ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, jáákì àti sùúrù ló ń gbà.

Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ bá mẹkáníìkì sọ lórí búṣìn. Èkíní, ẹ má gba èyí tí wọ́n gé láti ara táyà àtijọ́. Ó le jù, kì í sì í pẹ́. Èkejì, ẹ ní kó má tíì fún nọ́ọ̀tì wọn pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro lórí jáákì. Kó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tó wá fún un pa. Bó bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, rọ́bà náà á lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, bó sì ṣe máa wà ní lílọ́ títí tó máa fi ya nìyẹn. Ọ̀pọ̀ búṣìn tuntun tí kì í lo ọdún kan, ibi tó ti kú nìyẹn, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni páàtì ayédèrú.

Gbígbé ọkọ̀ ga sí i ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ ìrọ̀rùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé ga máa ń fì sí i níbi tó bá ti ń yà, ó tètè ń dojú dé, gíga rẹ̀ sì ń ni àwọn ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ lára, wọ́n á máa gbọ̀n.

Ọ̀pá jíà kékeré tó ní H2 (ẹsẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnnì ń yí), H4 (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) àti L4 (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú jíà tó lọ́ra tó sì lágbára) náà máa ń dá ìnira sílẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Lórí Hilux àti irú rẹ̀, bí ẹ bá fi í sí H4 lórí títì tó gbẹ, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn á di ohun tó gbọ́dọ̀ yí bákan náà. Bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà nìyẹn: sitiárìn á le, ọkọ̀ á máa ta kìtì nínú ọgbà ibi tẹ́ ẹ fẹ́ páàkì sí, táyà á sì máa jẹ. H2 ni ti títì. Prado tó máa ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo kò ní wàhálà yìí, bí ẹ kò bá sáà ti ti jíà àárín rẹ̀ pa, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn lè yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ariwo àti ooru kì í ṣe ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tán èèyàn lókun bákan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí: irin ìdẹrù tẹ́ ò fi di nǹkan kan máa ń fọn lójú atẹ́gùn, ó sì ń jẹ epo. Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ kan sáàárín ilẹ̀kùn àti rọ́bà rẹ̀, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fà á. Bó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ni eruku àti ariwo ti ń wọlé. Ẹ so jáákì àti sípánà tó wà lẹ́yìn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ́síì tí kò tutù, ẹ má sáré lọ rọ gáàsì sí i. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, fílítà kan wà lẹ́yìn àpótí tó kọjú sí ẹni tó jókòó níwájú, ọwọ́ lásán lẹ lè fi yọ ọ́. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà eruku tí kò yọ ọ́ rí, ohun tó máa rí níbẹ̀ á yà á lẹ́nu. Gíláàsì dúdú ń dín ooru kù lóòótọ́, àmọ́ òfin ọdún 1991 ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kẹ́ ẹ tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Ìjókòó ló kù, kò sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ sún un mọ́ iwájú débi tí orúnkún yín á fi tẹ̀ díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì délẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dìde ju bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe lọ. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ìbàdí rẹ̀ ló ń gba gbogbo kòtò. Bí fóòmù bá ti jìn sínú, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Tìmùtìmù tẹ́ ẹ gbé lé orí fóòmù tó ti kú kì í yanjú nǹkan kan.

Bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú apá ọ̀nà kan tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú, bóyá láti Odògbolú wọ Ìjẹ̀bú-Òde, kẹ́ ẹ máa rìn ín ní eré kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ṣe. Ọ̀kan-ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ṣe é. Bí ẹ bá pààrọ̀ táyà àti ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan náà tí ọkọ̀ sì rọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn, mẹkáníìkì yín náà ò sì ní mọ̀, bó tilẹ̀ máa sọ fún yín pé òun mọ̀.